Ta Ló Ń Jẹ Èrè Ohun Tó Ti Mọ́ Wa Lára?

Ìyá àgbà mi wá láti Ìsẹ́yìn, wọ́n fẹ́ lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa ní Onígbòǹgbò. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, bí iná ṣe lọ báyìí, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: ti ilé ọwọ́ ọ̀tún, ti ilé ọwọ́ òsì, ti ṣọ́ọ̀bù onífótòkọ́pì tó wà nísàlẹ̀, àti tiwa. Tiwa ni kékeré yẹn tí gbogbo ìlú ń pè ní "I better pass my neighbour". Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí wọ́n ń fọ ẹnu láàárọ̀, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Á mọ́ yín lára."

Wọ́n tu omi ẹnu wọn dànù, wọ́n wò mí. "Kí ló máa mọ́ mi lára? Ṣé aṣọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí ni pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi ń jẹun, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan dójú tì mí. Ẹnì kan gbé ìwé àdéhùn ilé wá, pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kí bàbá òun lè kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lójú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àdéhùn náà yóò "inure" fún onílé, fún àwọn àrólé rẹ̀ àti ẹnikẹ́ni tó bá gba ipò rẹ̀. Èmi tí mo mọ "inure" dáadáa láti inú ìwé ìròyìn! Ṣebí òun ni wọ́n máa ń lò tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ìyà ti mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà lára. Mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Àdéhùn yìí yóò mọ́ onílé lára." Bàbá náà kà á tán, wọ́n ní kí ọmọ wọn bi mí bóyá mo ti jẹun.

Àṣìṣe yẹn ló mú kí n wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ládùúgbò tí gbòǹgbò wà nínú orúkọ rẹ̀ kò yẹ kó máa já ewé ọ̀rọ̀ nìkan.

Ohun tí mo bá pàdé nìyí. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni "inure" ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: "in" àti "ure". "Ure" yìí ti kú nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní. Nígbà tó wà láyé, ohun tó túmọ̀ sí ni iṣẹ́, ìlò, nǹkan tí èèyàn ń ṣe léraléra. Ọ̀dọ̀ àwọn Norman tó ń sọ Faransé, tí wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọlé. Faransé sì gbà á látinú "opera" ti èdè Látìnì, èyí tó túmọ̀ sí iṣẹ́. Nítorí náà, "opera" tí wọ́n ń kọ lórin lórí ìtàgé àti "operate" tí dókítà ń ṣe ní tíátà, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Kódà "manure", ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń dà sí oko, ẹbí wọn ni. Kí ó tó di ajílẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni kí èèyàn fi ọwọ́ ro ilẹ̀.

Ẹ dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá tú "inure" palẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé: fi í sẹ́nu iṣẹ́. Látinú ìyẹn ni ìtumọ̀ méjèèjì ti jáde. Tí wọ́n bá fi èèyàn sẹ́nu nǹkan líle lójoojúmọ́ títí kò fi dùn ún mọ́, wọ́n ti "inure" rẹ̀. Ìyẹn ni ti ìwé ìròyìn. Tí ìwé àdéhùn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí àǹfààní rẹ̀ ń wọ àpò ẹnì kan, ó ti "inure" fún ẹni yẹn. Ìyẹn ni ti lọ́yà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n. Èkíní ń sọ nípa ara tó ń ṣe iṣẹ́ náà, èkejì ń sọ nípa àpò tí owó iṣẹ́ náà ń wọ̀.

Mi ò mọ bó ṣe rí lójú yín o, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ìyẹn, ara mi bù máṣọ. Mo ti lo ọdún mẹ́jọ nínú ariwo yìí, tí mò ń sọ pé ó ti mọ́ mi lára. Mi ò bi ara mi rí pé ta ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí Yorùbá ní. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa tó ń túmọ̀ èdè, "mọ́ lára" la máa fi sí ojú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá jẹ mọ́ àṣà tó wọra. Ìwà ọ̀lẹ ni, mo sì ń bá ara mi wí pẹ̀lú. Àwọn àgbà kò to gbogbo rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n là sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni "mọ́ lọ́wọ́". Màmá àgbà wá láti Ìsẹ́yìn, ìlú tí a mọ̀ mọ́ aṣọ òkè. Tí wọ́n bá ní òfì híhun ti mọ́ ọmọ kan lọ́wọ́, ìyìn ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti gba iṣẹ́ náà, ó lè máa hun kó máa bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, kí òwú má sì já. Ọmọ náà ló ni ọwọ́, òun náà ló ni ìmọ̀ tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni "mọ́ lára". Èyí kò yin èèyàn, kò sì bú u. Òtútù mọ́ni lára, oògùn mọ́ni lára, àlejò mọ́ni lára. Nǹkan náà ti wà nítòsí ara títí ara kò fi bá a jà mọ́.

Ẹ̀kẹta ni "wọ̀ lẹ́wù". Tí wọ́n bá ní irọ́ ti wọ ẹnì kan lẹ́wù, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwà náà ti di aṣọ, aṣọ náà sì ti di awọ. Ó dùn mọ́ mi pé Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà yìí kan náà láìjẹ́ pé ẹnì kankan kọ́ ẹnì kejì: "habit" tó ń jẹ́ àṣà lónìí náà ni orúkọ aṣọ tí àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ń wọ̀. Ìbéèrè Màmá, "Ṣé aṣọ ni?", kì í ṣe àwàdà lásán.

Ẹ̀kẹrin ni "fi kọ́ra". "Má fi kọ́ra o!" Ta ni ìyá rẹ̀ kò tíì sọ ọ́ fún rí? Ẹ wo iṣẹ́ tí gírámà ń ṣe níbẹ̀. Nínú "ariwo mọ́ mi lára", ariwo ni olùwà. Ariwo ló ṣe é, kò sí èèyàn nínú ọ̀rọ̀ náà àfi èmi tí wọ́n ṣe é sí. Ṣùgbọ́n nínú "má fi kọ́ra", ẹnì kan wà tó ń fi, ẹnì kan sì wà tó ń kọ́. Ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé àṣà kì í já bọ́ láti ọ̀run. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ náà ló ń ti imú ọ̀hún.

Ẹ̀karùn-ún ni "bárakú". Ẹ tú u wò: bá ara kú. Nǹkan tí kò ní fi ara sílẹ̀ títí ikú. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "addiction", ìtàn ọ̀rọ̀ yẹn náà sì le. Ní Róòmù àtijọ́, lábẹ́ Òfin Pátákó Méjìlá tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Jésù, "addictus" ni ajigbèsè tí ilé ẹjọ́ fà lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Olówó lè dè é ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì lè tà á lẹ́rú tí owó kò bá jáde. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilẹ̀ wa á rántí ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lóko olówó lójoojúmọ́, iṣẹ́ náà kò sì dín gbèsè kù. Èlé lásán ni gbogbo òógùn yẹn. Títí wọ́n fi máa rí owó gangan san, iṣẹ́ ń lọ, gbèsè ń dúró.

Òun ni mo fi sọ pé "inure" ti ìwé ìròyìn àti "inure" ti lọ́yà kò gbọ́dọ̀ jìnnà síra. Ìwọ̀fà kan wà ní ìhà kan tí iṣẹ́ ti mọ́ lára, olówó kan wà ní ìhà kejì tó ń jẹ èlé.

Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń le jù. Ṣebí ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀? Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ara. Eric Kandel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìgbín òkun kan tí wọ́n ń pè ní Aplysia. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ó máa sún ẹ̀yà tó fi ń mí sẹ́yìn. Tí wọ́n bá ń fọwọ́ kàn án léraléra láìpa á lára, yóò dín in kù, nígbà tó bá yá kò ní sún mọ́. Kandel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé iṣan tó ń gbé ìròyìn náà ló ń dín iye kẹ́míkà tó ń tú jáde kù. Ìyẹn ni pé "mọ́ lára" iṣẹ́ ni, kódà nínú ìgbín. Iṣan ń ṣiṣẹ́ láti má fèsì.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: wọn kò pa ìgbín yẹn lára. Ariwo yàtọ̀. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n ní irun tín-ín-tín lórí. Àwọn ló ń sọ ìró di ìròyìn fún ọpọlọ. Tí ariwo ńlá bá pa wọ́n, ti èèyàn kì í hù padà. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà fi ààlà sí dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ òòjọ́. Bó bá fi dẹ́síbẹ̀lì mẹ́ta lé sí i, àkókò tí wọ́n gbà kí etí wà níbẹ̀ á já sí ìdajì: 88 fún wákàtí mẹ́rin, 91 fún wákàtí méjì.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣì ń dún ní àgbègbè náà. Láti ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iléeṣẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967. Bùọ̀dá ní lọ́sẹ̀ kìíní òun rò pé orí òun máa là. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Á mọ́ ẹ lára." Lóṣù kẹta, kò gbọ́ ariwo náà mọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó gbà pé òun ti di ọkùnrin. Lónìí, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń dún dé òpópónà, ìyàwó rẹ̀ sì ní láti dúró níwájú rẹ̀ kó tó bá a sọ̀rọ̀. Etí rẹ̀ ń kú ni, òun sì ń pè é ní mímọ́ lára. Aṣọ tí ẹ̀rọ yẹn hun, wọ́n tà á. Ẹni tó jẹ èrè rẹ̀ kì í ṣe òun.

Ẹ wò ó, kì í ṣe iléeṣẹ́ nìkan. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972 ti kógbá sílé. Ó di PHCN lọ́dún 2005, wọ́n sì fa pípín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ lọ́dún 2013. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2015 ní Onígbòǹgbò, bí iná bá dé, "Up NEPA!" ló máa kígbe. Orúkọ òkú ni ọmọ náà ń fi yọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Àwa ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iná fi owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lójúmọ́, láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 fún ìwọ̀n kan. A pariwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo fẹ́ lò.

Àwọn oníròyìn òkèèrè àti àwọn olóṣèlú wa ti rí orúkọ aládùn fún un. Wọ́n ní a jẹ́ "resilient". Àwọn ọ̀dọ́ gan-an ti ń kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán wọn. Ìyìn tó ń gba ẹjọ́ lẹ́nu ẹni ni ọ̀rọ̀ yẹn. Tí a bá ti yin ẹnì kan pé ó lè gbé ẹrù, ta ló máa tún bèèrè ẹni tó di ẹrù náà lé e lórí? Fẹlá, tí òun náà gbé ní Ìkẹjà, rí èyí ní ìparí àwọn ọdún 1970 nígbà tó sọ orin kan ní "Shuffering and Shmiling". Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àkọlé yẹn ni pé kò lo "inure", kò lo "mọ́ lára". Ó fi ìyà àti ẹ̀rín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì da èdè rú lórí méjèèjì, kí etí wa má bàa tètè gbà á. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti dán jù kì í ta èèyàn lára mọ́.

Kí n má tan yín jẹ, mi ò sọ pé kí a pa "mọ́ lára" rẹ́. Ẹni tí òkú sọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀fọ̀ mọ́ òun lára. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òyìnbó nílò kí òtútù mọ́ òun lára. Ara tí kò bá lè mọ́ nǹkan kò ní pẹ́ láyé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a yéé fi í bo ẹni tó ṣe é mọ́lẹ̀. Òwe kan wà tí mo gbà pé ó gbọ́n ju "resilient" lọ: adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Kò sẹ́ni tó ní á mọ́ wọn lára. Òwe náà jẹ́ kí ìnira dúró bí ìnira, ó sì sọ ẹni tó bà lé ẹnì kejì.

Mo ti tún ìwé àdéhùn yẹn ṣe. Ó kà báyìí: "Èrè àdéhùn yìí jẹ́ ti onílé, ti àwọn àrólé rẹ̀ àti ti ẹni tó bá gba ipò rẹ̀." Bàbá kà á, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí wọ́n pe onílé wá kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ lórí ibẹ̀. Tí gbólóhùn ìwé ìròyìn yẹn bá sì tún dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò ní kọ ọ́ mọ́ pé "ìyà ti mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà lára". Màá kọ pé "wọ́n ti fi ìyà kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà". Kí òǹkàwé bèèrè pé àwọn wo ni "wọ́n".

Màmá ti padà sí Ìsẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n lò lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti ń sùn bí ọmọdé, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ìbáà máa ké. Inú mi dùn nígbà náà, mo rò pé mo jàre. Alẹ́ kejì tí wọ́n délé ni wọ́n pè mí lórí fóònù, aago méjì òru ti lù. Mo fò dìde, mo rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n.

"Màmá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Oorun ni kò wá. Ilé dákẹ́ jù." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ ti fi ariwo yín kọ́ mi."